Obì Tí Bàdírù Dá Padà

Ní ọdún tí àwọn ṣọ́jà kéde pé àwọn máa gbé ìjọba sílẹ̀, ẹni tó bá ń wá Bernice Akínwùmí ní Ajégúnlẹ̀ kì í béèrè ilé rẹ̀. Àgbàlá àpò ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ilẹ̀ gbalasa kan ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àpápá, níbi tí àwọn obìnrin bí ogún ti máa ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ran àpò ìdọ̀họ tó ti ya.

Láti àwọn ilé ìkẹ́rùsí Àpápá ni àwọn àpò náà ti ń wá. Àpò ṣúgà, àpò ìrẹsì, àpò ìyẹ̀fun, gbogbo èyí tí ìkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù bá ti fà ya, àwọn obìnrin yìí ló ń rà á. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ńlá tó tẹ̀ lẹ́nu lẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá dì í jọ fún àwọn oníṣòwò gàrí àti àgbàdo. Eruku ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Aṣọ ni wọ́n fi ń di imú, ojú nìkan ni ènìyàn fi ń mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Bernice ló dá àgbàlá náà sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ó sì fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Tinú, sílẹ̀ fún un. Ẹrẹ̀ ni ibi tí à ń wí yìí nígbà náà, èèsún àti ọ̀pọ̀lọ́ ló kún ibẹ̀. Bàbá kan nínú àwọn onílẹ̀, Bàbá Gbàdàmọ́sí, ló wo obìnrin opó náà, tó ní, "Jókòó síbẹ̀, kí o máa ṣe iṣẹ́ rẹ. Ìwọ sáà máa rántí wa lọ́dọọdún." Bernice fi orí ru iyanrìn, ó ru èésan ẹyìn, ó ru ìdọ̀tí pákó, títí ẹrẹ̀ fi di ilẹ̀. Nígbà tí ogun parí, tí Adaeze, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, padà dé láti ìlú wọn láìní nǹkan kan lọ́wọ́, àwọn méjèèjì jọ ru èyí tó kù ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n ri òpó, wọ́n kan páànù lé e kí òjò má ba àpò jẹ́. Bí ọdún tuntun bá sì ti dé, Bernice á gbé obì, ṣúgà àti àkùkọ adìyẹ kan, á kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Gbàdàmọ́sí. Bàbá á gbà á, á ṣàdúrà fún wọn, ó parí. Ìṣákọ́lẹ̀ wọn nìyẹn.

Owó iléèwé Tinú, inú àgbàlá yìí ló ti ń wá. Oúnjẹ wọn, inú rẹ̀ ni. Bernice kò ní oko nílé, kò ní ẹ̀gbọ́n tó rí já jẹ. Bí wọ́n bá gba àgbàlá náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an mọ̀ pé kò sí ibòmíì tí òun máa forí lé.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Lọ́yà Akínsànyà fi wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́yà Akínsànyà ń gbé ní GRA Àpápá, nínú ilé tí àwọn òyìbó ọkọ̀ ojú omi kọ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti Bernice ń lọ. Òun ló máa ń ka Bíbélì sókè lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn rẹ̀ á sì máa ró bí agogo. Nígbà tí ìjọba ológun ní kí àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ ìpolongo, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ìdúróṣinṣin, ó ní òun máa díje fún Ilé Aṣòfin. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn olówó ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sí àgbàlá àpò, ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó sì jókòó lórí ẹrù àpò pẹ̀lú kóòtù funfun lọ́rùn. Eruku bò ó, kò sì gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "ta ló fún yín níṣẹ́ yìí? Ṣé ìjọba ni?"

"Rárá o!"

"Ta ló bá yín ru iyanrìn?"

"Kò sẹ́nì kan!"

"Ó dáa. Kí ló wá dé tí ìjọba á fi máa sọ ẹni tó gbọdọ̀ kó ẹrù wọlé, àti iye tí ẹ gbọdọ̀ tà á? Kí ìjọba la ọ̀nà, kó mú olè, kó jẹ́ kí kóòtù máa ṣiṣẹ́, kó wá yọwọ́ nínú ọjà. Àwọn kan ń kiri tí wọ́n ń sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo nǹkan máa jẹ́. Owó ta ni wọ́n máa fi ṣe é? Ẹ ò rí i pé owó yín ni?"

Àmínát, tó ń ran àpò lọ́wọ́ ẹ̀yìn, fa aṣọ imú rẹ̀ wálẹ̀. "Lọ́yà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé GRA, ṣé nítorí àpò yíya lẹ ṣe wá jókòó sínú eruku?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jàre," Adaeze ní. "Ó kéré tán, òun ò ṣèlérí pé òun máa bá wa ranṣọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tètè gbé ojú rẹ̀ padà.

"Ìwé òfin tuntun ti ń bọ̀," ó ní. "Mo ti kà á. Ó sọ pé kò sí ẹni tó lè wá gba ohun tó jẹ́ tiyín láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ rojọ́ níwájú adájọ́. Bó ṣe ààrẹ ni, bó ṣe gómìnà ni. Èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ dojú ayé rú. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ènìyàn, kó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà yìí ṣòfin tó kó gbogbo ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Ẹ rán mi lọ, màá jà títí ilẹ̀ ẹbí á fi padà sọ́wọ́ ẹbí."

Bernice wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ènìyàn, kó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì gbọ́ kí olóṣèlú kankan sọ ohun tó wà lọ́kàn òun báyìí rí. Ó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Lọ́yà dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, òun ló pàtẹ́wọ́ jù, nítorí ẹbí Bàbá Gbàdàmọ́sí kò ṣe é níkà rí.

Láti ọjọ́ náà ló ti di èèyàn Lọ́yà. Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní Ajégúnlẹ̀ àti Amùkòkò, ó ń sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń bú u. Ọkùnrin kan da omi ẹja sí i lẹ́sẹ̀, ó ní kó lọ kí àwọn olówó rẹ̀. Tinú náà kò gbà fún un.

"Màmá, àwọn tí ẹ ní ká má dìbò fún ló sọ pé iléèwé máa di ọ̀fẹ́."

"Àpò ló ń rán ọ níléèwé," Bernice dá a lóhùn. "Ẹni tó bá dáàbò bo àpò, òun ló ń rán ọ níléèwé."

Bàbá Gbàdàmọ́sí kú ṣáájú Kérésìmesì. Nígbà tí ọdún tuntun dé, ọmọ rẹ̀, Bàdírù, ni Bernice gbé ẹrù ìṣákọ́lẹ̀ lọ bá. Ọ̀dọ́ ni Bàdírù, ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàràgàdà ló wọ̀, ó sì jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ bí ẹni tí ara ń ta. Kò na ọwọ́ sí obì. Kò na ọwọ́ sí ṣúgà.

"Màmá, ẹ máa gbé e padà," ó ní. "Ẹ ò ní láti máa mú nǹkan wá mọ́."

"Háà! Ọmọ mi, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa gbé e lọ sílé."

Bernice kúnlẹ̀, ó súre fún un títí omi fi lé sí i lójú. Ilẹ̀ Oǹdó ni Bernice ti wá sí Èkó. Ní tirẹ̀, ẹni tó bá ní kí ènìyàn má sanwó nǹkan mọ́ ti fún un ní nǹkan náà nìyẹn. Ó gbé àkùkọ adìyẹ padà sí àgbàlá, ó ń kọrin lójú ọ̀nà. Wọ́n pa á lọ́jọ́ náà, wọ́n sè é, gbogbo wọn jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì. Adaeze jó. Àmínát pàápàá ní ọmọ Bàbá ní láárí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Bernice dúró de Lọ́yà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Lọ́yà, ẹ bá mi dúpẹ́. Bàdírù dá obì wa padà! Ó ní ká má mú nǹkan wá mọ́."

Lọ́yà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà díẹ̀. "Ó dá a padà?"

"Pátápátá ni o!"

"Ẹ kí àwọn èèyàn mi ní àgbàlá," Lọ́yà ní. Ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò oṣù Kẹfà bẹ̀rẹ̀, tí ọjọ́ ìbò ti ń súnmọ́lé, Lọ́yà ránṣẹ́ pe Bernice. Ó ní ìpàdé ńlá kan máa wáyé ní Àpápá lọ́jọ́ Sátidé, àwọn oníwèé ìròyìn máa wà níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ náà wà lẹ́yìn òun, kì í ṣe olówó nìkan. "Gbogbo yín ni kí ẹ wá, Ìyá Tinú. Kó má ku ẹnì kan. Màá fi lọ́rì ránṣẹ́."

Iṣẹ́ ńlá ni Bernice fi kó wọn jọ. Àwọn mìíràn ní àpò pọ̀ nílẹ̀. Àmínát ní òun kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí òun kò ní dìbò fún.

"Nítorí tèmi ni kí o lọ," Bernice bẹ̀ ẹ́. "Má wo ti Lọ́yà. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin náà, Ìyá Tinú! Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní pàtẹ́wọ́ o."

Báyìí ni gbogbo wọn ṣe wọ lọ́rì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, àgbàlá àpò ṣófo lọ́jọ́ iṣẹ́.

Lọ́yà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sọ̀rọ̀ nípa owó epo tí ìjọba ń ná bí ẹní ń da omi, ó sọ̀rọ̀ nípa ìwé òfin, ó ní òun ni odi tó yí ilé tálákà ká. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ sí Bernice, ó ní, "Ẹ wo ìyá yìí. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba rí. Irú àwọn wọ̀nyí ni mo ń jà fún." Gbogbo ènìyàn yíjú wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú ti Bernice, inú rẹ̀ sì dùn dé ibi pé ó gbàgbé pé bàtà ń ta á lẹ́sẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí Àmínát tó ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ìpàdé tú, wọn kò rí lọ́rì mọ́. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà nínú òjò wínníwínní, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń sín bí Lọ́yà ṣe ń ju ọwọ́ jẹ.

Adaeze ló wà níwájú. Òun ló kọ́kọ́ pariwo.

Wọ́n ti fi páànù yí àgbàlá ká. Páànù tuntun ni, ó ń dán nínú òjò. Àtíbàbà wọn ti wó, òpó rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Gọ́tà ni wọ́n kó àpò dà sí, èyí tí wọ́n ti rán pẹ̀lú èyí tí wọn kò tíì rán, ẹrù lórí ẹrù, omi dúdú sì ti ń mu ún. Ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó mú igi lọ́wọ́.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?" Bernice bi wọ́n.

"Ẹ má bínú, Màmá," ọ̀kan nínú wọn ní. "Wọ́n ti ta ilẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Lọ́yà onílẹ̀ ló ní ká wá lónìí, ó ní kò ní sí ẹnì kankan níbí tó máa bá wa jà."

"Lọ́yà wo?"

"Lọ́yà Akínsànyà."

Òjò ń rọ̀ lé páànù. Adaeze ti wọ inú gọ́tà, ó ń fa ẹrù àpò, ṣùgbọ́n àpò tó bá ti mu omi báyìí wúwo ju òkú lọ, kò lè gbé e. Àmínát kò wo gọ́tà, kò wo páànù. Ojú Bernice ló ń wò.

"Ẹ̀yin lẹ kó wa lọ, Ìyá Tinú," ó ní. "Ẹ ní nítorí tiyín ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bernice kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lọ sí GRA. Lọ́yà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Kò yà á lẹ́nu pé ó rí i.

"Ìyá Tinú, ẹ jókòó."

"Mo dúró dáadáa, sà."

"Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà."

"Ẹ sọ ọ́. Etí mi ń gbọ́ lórí ìdúró."

Lọ́yà mí kanlẹ̀. "Èmi ni lọ́yà ẹbí Gbàdàmọ́sí. Ó ti pẹ́. Mi ò purọ́ fún yín rí. Ẹ rántí ohun tí mo sọ: ilẹ̀ ẹbí á padà sọ́wọ́ ẹbí. Ẹbí ló ni ilẹ̀ yẹn, ẹni tó bá ni nǹkan ló lè tà á. Bí a bá ní kí ìjọba má gba ohun olóhun, ẹ̀yin náà ò lè gbà á."

"Ẹrẹ̀ ni wọ́n fún mi, Lọ́yà. Ẹrẹ̀! Àwa la sọ ọ́ di ilẹ̀."

"Mo mọ̀. Òfin ò ka ìyẹn sí."

"Bàdírù ní ká má san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Lọ́yà wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Ìyá Tinú, lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ ibí, onílẹ̀ tó bá kọ ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àlejò ti ní kó máa lọ nìyẹn. Bó bá gba obì yín, ẹ ṣì jẹ́ àlejò rẹ̀, kò lè ṣàdédé tà á. Ìdí tó fi dá a padà nìyẹn. Gbogbo ọmọ onílẹ̀ ló mọ̀ ọ́n."

Bernice di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Ó rántí àkùkọ tí wọ́n sè, ó rántí bí Adaeze ṣe jó.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n," ó ní, "lọ́jọ́ tí mo wá sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo ní kí ẹ bá mi dúpẹ́."

"Iṣẹ́ oníbàárà mi ni mò ń ṣe. Mi ò lè tú àṣírí rẹ̀ fún yín."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe tèmi. Adájọ́ ńkọ́? Ẹ jókòó lórí àpò mi, ẹ ní kò sẹ́ni tó lè wá lé ènìyàn láìjẹ́ pé ó rojọ́. Kóòtù wo la lọ? Adájọ́ wo ló dá wa lẹ́bi?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Lọ́yà kò rí ojú gbé. "Ẹjọ́ ilẹ̀ á gba ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tó rà á ti kó owó sílẹ̀. Bí gbogbo oníṣòwò bá ní láti dúró de kóòtù, ọrọ̀ ajé ìlú ò ní rìn. Mo wò ó pé bí kò bá sí ènìyàn níbẹ̀, kò ní í sí ìjà, kò sẹ́ni tó máa fara pa. Nítorí yín náà ni."

"Nítorí wa lẹ ṣe fi lọ́rì kó wa kúrò ní àgbàlá."

"Màá bá yín wá ibòmíì lọ́nà Kirikírì. Mo ṣèlérí. Ẹ sáà bá mi rọ àwọn obìnrin yẹn kí wọ́n má pariwo títí ìbò á fi kọjá. Wọ́n ń gbọ́ tiyín."

"Wọ́n ń gbọ́ tèmi tẹ́lẹ̀," Bernice ní. Ó sọ̀kalẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dírẹ́bà tó ń fọ mọ́tò kí i, Bernice dá a lóhùn, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ó rò pé òun máa lọ sí kóòtù. Ó bi àwọn lọ́yà mìíràn léèrè, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ orúkọ Akínsànyà ní kò sáyè, àwọn tó kù sì dárúkọ iye tí gbogbo àpò Àpápá kò lè san. Kí ìbò tó dé, wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Lọ́yà Akínsànyà fìdí rẹmi. Ajégúnlẹ̀ kò fún un ní ìbò tó nǹkan. Àwọn ènìyàn jó kiri àdúgbò, wọ́n ní wọ́n ti ṣẹ́gun olówó. Ilé ìkẹ́rùsí ń ga sí i lẹ́yìn páànù. Ẹgbẹ́ kejì wọlé, wọ́n sọ iléèwé di ọ̀fẹ́, Tinú, tó ti jókòó sílé nítorí owó iléèwé, sì padà sí kíláàsì lábẹ́ ìjọba tí ìyá rẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má dìbò fún. Kò fi ìyẹn gún ìyá rẹ̀ lára. Ó kàn máa ń wọ aṣọ iléèwé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, á kí i, á jáde.

Àwọn obìnrin àpò túká. Adaeze ń ran tirẹ̀ níwájú ilé ní Amùkòkò. Ó máa ń ya ọ̀dọ̀ Bernice nígbà mìíràn, á jókòó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àwàdà mọ́. Àmínát kò wá. Àwọn tó ń ta àpò ní Àpápá kò fẹ́ tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún obìnrin tí kò ní ibi tó máa kó o sí. Èyí tí Bernice bá rí, abẹ́ òrùlé ilé tó ń gbé ló ti ń rán an, àwọn ará ilé á sì máa ráhùn nítorí eruku.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà ti lọ, ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́yà ló ka Bíbélì, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí ìsìn parí, ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ń kí àwọn ènìyàn bó ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá Tinú! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ńkọ́?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Bernice, kò sẹ́ni tó kí i rí tí kò dá lóhùn. Bí ọmọdé kí i, á dáhùn. Bí ẹni tó ń bá a jà kí i, á dáhùn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúró de ohun tó máa sọ. Ó gbé ojú sókè, ó wo Lọ́yà títí ẹ̀rín fi kúrò lójú ọkùnrin náà.

"Ìyá Tinú?"

Bernice ká ìró rẹ̀ sókè kó má baà wọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìfọhùn, ó bọ́ sí ọ̀nà Ajégúnlẹ̀.